Ilẹ̀ Tí Kì Í Gba Ìṣó

Bàbá mi kan ìṣó mọ́ ilẹ̀ tí kì í gba ìṣó. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa fura sí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi fura sí oòrùn, mo fura sí ẹni tó ta pákó fún wa, mo tilẹ̀ fura sí ológbò àwọn ará ẹ̀yìnkùlé, tí kò wọ ilé wa rí. Bàbá ni. Káfíńtà ni wọ́n, gbogbo ayé wọn ni wọ́n sì fi kan nǹkan mọ́ nǹkan.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé. Bàbá nìkan ni mo máa pè ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà tó ẹni tí mo lè pè bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń ṣe é lójú rẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà, "ó" ni mo máa pè é níbí. Tó bá ká a lára, kó wá bá mi.

Igi gidi ni ilẹ̀ pálọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Bàbá ló fi ọwọ́ ara wọn tẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n fẹ́ ìyá mi, wọ́n sì rọ ìṣó sí i débi pé tí ìjì bá gbé òrùlé lọ, ilẹ̀ á kù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti kú, igi náà ti gbó, omi ti wọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, ikán sì ti jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Lọ́jọ́ kan, Bàbá ń sọ̀tàn fún mi nípa oníbàárà kan tó ní kí wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì fún òun, tó sì gbàgbé láti sọ pé òun ga. Bí wọ́n ti fẹ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti yọ jáde lójú fèrèsé, ẹsẹ̀ tiwọn wọ ilẹ̀ lọ dé orúnkún. Wọn ò pariwo. Wọ́n parí ìtàn náà nínú ihò yẹn, wọ́n sì ní kí n gbé tíì wọn wá síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, kíá ló dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rí ewu. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló gbà á pé kó máa rìn káàkiri, kó máa wo ibi tí nǹkan ti lè já lu òṣìṣẹ́ lórí. Ó ti ṣe iṣẹ́ náà pẹ́ débi pé kì í jókòó síbi oúnjẹ láìkọ́kọ́ mi tábìlì wò. Ó fa tépù aláwọ̀ ìyeyè yọ lápò, ó fi yí ihò náà ká, ó fi yí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà ká. Lẹ́yìn náà, ó fi yí Bàbá ká níbi tí wọ́n jókòó sí. Bàbá wò ó títí.

"Ṣé kí n máa mí?" wọ́n bi í.

"Ẹ máa mí, Bàbá. Ẹ ṣáà rọra."

Ó ní òun ń lọ sí ìrìn àjò iṣẹ́ kan, pé tí òun bá padà dé tí ilẹ̀ náà ò tíì ṣeé rìn, òun máa kó Bàbá lọ sọ́dọ̀ òun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ yẹn, lókè téńté ilé alájà púpọ̀ kan ni, níbi tí wọn kì í ti í gbá òòlù, tí wọn kì í wọ́ àga nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í kí ẹnikẹ́ni lórí àtẹ̀gùn. Níhìn-ín, Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́yìn ilé. Kò sẹ́ni tó ń gbéṣẹ́ wá mọ́, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni wọ́n ń lọ síbẹ̀ lọ pọ́n irin iṣẹ́ wọn, kí wọ́n tó wá jókòó sójú fèrèsé pálọ̀, lórí àga tí ìyá mi máa ń jókòó sí. Mo mọ Bàbá mi. Tí wọ́n bá gbé wọn kúrò níbẹ̀, wọn ò ní pẹ́ rárá. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Igi gidi ti kọjá agbára wa. Táìlì ń yọ̀, ó sì le. Arúgbó tó bá ṣubú lórí rẹ̀, gbígbé ni. Sìmẹ́ǹtì tutù, orúnkún Bàbá kì í sì í bá otútù ṣeré. Bí mo ṣe lọ ra pákó oníke nìyẹn, èyí táwọn tó ń tà á ń pè ní faínìlì. Ike ni látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ya àwòrán igi sójú rẹ̀, tí ẹ bá dúró lókèèrè, ẹ máa búra pé inú igbó ló ti wá. Omi kì í wọ inú rẹ̀. Ikán kì í yà á wò. Ó rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ arúgbó ń fẹ́ ló wà lára rẹ̀, àfi pé arúgbó tiwa, káfíńtà ni.

Má-Kàn-Án ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin tó máa ń tẹ́ ẹ, torí kó tó kí yín, á ti ní, "Ẹ má kàn án o." Ó ní pákó náà kì í gba ìṣó, kì í gba gọ́ọ̀mù. Wọ́n kàn máa ń ki etí ọ̀kan bọ etí èkejì ni, títí á fi kún yàrá, gbogbo rẹ̀ á wá sùn sílẹ̀ láìdi nǹkankan mú. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, nítorí tí ooru bá mú, ó máa ń nà, tí otútù bá dé, á tún ká ara rẹ̀ jọ. "Ẹ jẹ́ kó ráyè," ló máa ń sọ, tí á fọwọ́ pa ilẹ̀ lórí bí ìyá ìkókó.

Ó kó páálí pákó náà wá, ó tò wọ́n sí pálọ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sinmi ná kí òun tó tẹ́ wọn.

"Kí ni wọ́n ṣe tó rẹ̀ wọ́n?" Bàbá bi í.

"Ooru ilé yín ló yẹ kó mọ́ wọn lára, Bàbá."

"Èmi ti ń gbé ilé yìí láti ìgbà tí mo ti kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò ní kí n sinmi."

Wọ́n ní àwọn ò ní gba àlejò tí àwọn ò dán wò. Wọ́n yọ pákó kan jáde nínú páálí, ó di ẹjọ́. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní kò rùn, pé igi tó bá ti ibì kan wá gbọ́dọ̀ rùn ibẹ̀. Wọ́n fi ayùn gé e, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n ri ìdajì rẹ̀ sínú bákẹ́ẹ̀tì omi, wọ́n ri ẹ̀là igi gidi kan tì í. Nígbà tí wọ́n máa fi yọ wọ́n jáde, igi gidi ti wú, ó ti wọ́. Pákó oníke ṣì wà bó ṣe wà. Inú mi dùn. Mo ní ó ti yege.

"Ó yege kẹ̀?" Bàbá ní. "Wọ́n rì í sómi, kò ṣe é ní nǹkankan. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìwọ, tí wọ́n bá rì ọ́ sómi, ṣé o ò ní yí padà?"

Mo gbé bákẹ́ẹ̀tì náà, mo lọ da omi rẹ̀ nù.

Wọ́n pe ìpàdé. Ẹlẹ́búrẹ́dì wá láti ilé kejì, obìnrin ńlá tó jẹ́ pé tó bá gbá ẹ mọ́ra, wàá gbàgbé ohun tó ń bí ẹ nínú. Rẹfirí náà wá, bàbá tín-ín-rín kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n tí fèrè rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé pákó náà nàró sórí àga níwájú wa, Bàbá sì dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi Má-Kàn-Án ní ìbéèrè nítorí pé pákó náà ò lè dáhùn.

"Ẹ wo kókó yìí lára igi," Bàbá ní. "Ẹ wo pákó kejì. Kókó kan náà, níbi kan náà. Ẹ wo ẹ̀kẹta. Igi wo ni ìyá rẹ̀ bí báyìí?"

"Àwòrán ni, Bàbá," Má-Kàn-Án ní.

"Mo fẹ́ tẹ̀ lé àwòrán nínú ilé mi?"

"Kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín wọlẹ̀ mọ́."

"Ẹsẹ̀ mi ló wọlẹ̀, kì í ṣe ojú mi. Ojú mi ríran!"

Ohùn wọn ti lọ sókè. Rẹfirí fọn fèrè, ó na káàdì aláwọ̀ ìyeyè sí wọn. Ẹlẹ́búrẹ́dì ní kí wọ́n jẹ́ ká dìbò, gbogbo wa dìbò fún pákó, Bàbá sì fàáké kọ́rí pé ilé àwọn kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù. Inú wá bí mi. Mo sọ ọ́ jáde níwájú gbogbo wọn:

"Bàbá, pákó yìí ni o, àbí òkè ilé Ẹ̀gbọ́n. Ẹ mú ọ̀kan."

Bàbá gbé pákó náà kúrò lórí àga, wọ́n jókòó síbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n gbé e lé itan.

"Ẹ tẹ́ ẹ," wọ́n ní.

Má-Kàn-Án yọ igi tó ti jẹrà, ó fi àjákù igi dí ihò náà, ó tẹ́ pákó náà lé e, mi ò sì ní purọ́, ó rẹwà. Ìdúró kan báyìí ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan ṣe Bàbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ tiwọn. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé. Tí wọ́n bá jókòó, etí àga ni wọ́n ń jókòó sí, bí ẹni tó wá bèèrè ọ̀nà. Láàárọ̀, wọ́n á kí kókó àkọ́kọ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n á wá sọ fún àwọn tó kù pé, "Mo ti kí yín lẹ́ẹ̀kan." Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní ó máa mọ́ wọn lára.

Iṣẹ́ kọ́tìnnì ni èmi ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, mo lọ gbé kọ́tìnnì kọ́ fún oníbàárà, ó sì pẹ́ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni Bàbá lọ gbé òòlù wá láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kan ìṣó sínú kókó ara igi yẹn níkọ̀ọ̀kan, jákèjádò pálọ̀. Kókó náà dúdú, orí ìṣó sì wọ inú rẹ̀ lọ. Wọ́n wá fi póólíìṣì bàtà pa á lójú. Ẹlẹ́búrẹ́dì gbọ́ òòlù, ó rò pé ṣọ́ọ̀bù ni, ó sì dúpẹ́ pé bàbá arúgbó ti ríṣẹ́.

Nígbà tí mo dé, Bàbá ti fẹ̀yìn ti àga, wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

"Ilẹ̀ yìí dáa o," wọ́n ní.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi òmùgọ̀!

Oòrùn wá dé. Mo ti tú kọ́tìnnì tiwa sílẹ̀ láti fọ̀ ọ́, oòrùn ọ̀sán wá ń wọlé tààrà. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń ran etí aṣọ kan, ni mo rí i tí yàrá ń lọ sókè. Mi ò purọ́. Àárín pálọ̀ gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó di òkè. Kẹ̀kẹ́ òwú mi bọ́ lórí tábìlì, ó yí gba orí òkè náà sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ síta. Tábìlì kékeré dojú kọ ògiri bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Bàbá wà lórí àga wọn lójú fèrèsé, wọ́n ń lọ sókè pẹ̀lú àga náà.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ara bá tutù, òkè náà á sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, á tún dìde. Ẹlẹ́búrẹ́dì wò ó, ó ní ìyẹ̀fun òun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ká gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ kó lè rọlẹ̀. Ó gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ọwọ́ dùn ún, òkè ò ṣe bí ẹni tó gbọ́. Má-Kàn-Án sáré dé, ó wo àlàfo ìdí ògiri yíká, gbogbo rẹ̀ pé. Ó dùbúlẹ̀, ó fi etí lélẹ̀.

"Nǹkan dì í mú," ó ní. "Ó fẹ́ na apá, nǹkan ò jẹ́ kó nà án. Ta ló ṣe é ní nǹkan?"

Gbogbo wa ní a ò mọ̀. Bàbá ní àwọn ń lọ pọ́n ayùn.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn tí fóònù mi fi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti ìrìn àjò, ọ̀sán yẹn gan-an ló fẹ́ wá wo ilẹ̀. Ó ní òun ti ṣètò yàrá sílẹ̀ fún Bàbá, pé òun ti rọ tìmùtìmù mọ́ gbogbo ògiri rẹ̀. Mo pe Má-Kàn-Án, ó ní kò sí ọgbọ́n míì kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, àfi ká fi nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ta ló wúwo ládùúgbò yìí?" ó bi mí.

Ẹnì kan náà ni gbogbo wa rántí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ.

"Mo gbọ́ yín," Ẹlẹ́búrẹ́dì ní lójú fèrèsé. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé búrẹ́dì wọ ààrò."

Ó wá, ó gbé àga sórí òkè náà gan-an, ó jókòó pẹ̀lú iyì, òkè sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Má-Kàn-Án gbé àpótí sí apá kejì, ó jókòó lé e. Rẹfirí ò wúwo tó nǹkankan, a bá gbé àpò yanrìn lé e nítan, a fi aṣọ ìbora wé e kó má baà hàn. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ mi, Bàbá wà lórí àga wọn. Ilẹ̀ tẹ́ rẹrẹ. Àdéhùn wa ni pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé tòun ti báàgì lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n," mo ní, láti orí ìjókòó.

"Ẹ kú ìrìn o," àwọn tó kù ní, láti orí ìjókòó.

Ó dúró. Ó ń retí. Èmi àbúrò rẹ̀, tí mo máa ń sáré lọ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, mo rọra ń ran aṣọ. Ojú tì mí débi pé mo ran ọwọ́ aṣọ mi mọ́ kọ́tìnnì.

"Ṣé ara gbogbo yín le?"

"Ó le bí irin," Rẹfirí ní.

"Kò sẹ́ni tó dìde."

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni," Má-Kàn-Án ní.

Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo ní omi wà nínú fìríìjì, kó bá wa bu tiwa bọ̀. Ẹnu yà á, ó wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí, ṣùgbọ́n ó lọ. Àkọ́bí ilé wa ló ń gbé omi yí wa ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwa ń sọ pé ẹ ṣé o. Ó dé ọ̀dọ̀ Rẹfirí.

"Ọmọ ta nìyí?" ó ní.

"Ọmọ ọmọ mi."

"Ó mà tóbi o."

"Ó máa ń jẹun."

Ẹ̀gbọ́n mi wá mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde, èyí tí omi wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Ẹlẹ́búrẹ́dì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó dijú kan. Ó gbé e síbòmíràn, ó tún wò ó.

"Ó tẹ́jú," ó ní. "Ó tẹ́jú ju ti ọ́fíìsì mi lọ." Inú rẹ̀ ò fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n olóòótọ́ èèyàn ni tó bá kan iṣẹ́. Ó yíjú sí Bàbá. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo rò pé…"

Ìgbà yẹn ni òórùn búrẹ́dì tó ń jó wọlé.

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Mo wo Ẹlẹ́búrẹ́dì, ó wò mí, omi lé sí i lójú. Ó di àga mú lọ́tùn-ún lósì. Mi ò rí ẹni tó fẹ́ràn wa tó bẹ́ẹ̀ rí. Èéfín tilẹ̀ ti ń kọjá lójú fèrèsé, ó ṣì jókòó, ó ń mì tìtì. Àmọ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara náà ni.

"Búrẹ́dì mi o!" ó ké, ó sì ti jáde.

Ilẹ̀ dìde. Ó dìde gbọ̀ọ̀, ó gbé Má-Kàn-Án sókè lórí àpótí rẹ̀, ó ti Rẹfirí ṣubú, àpò yanrìn sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí lọ.

"Ọmọ!" Ẹ̀gbọ́n mi pariwo. Ó bẹ́ gìjà, ó fò kọjá tábìlì, ó gbá ọmọ náà mọ́ àyà, ọmọ náà sì tú. Yanrìn bo irun rẹ̀, ó bo ẹnu rẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè láìmọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde jẹ́ẹ́, ó tu yanrìn dànù, ó fa tépù yọ.

"Ó parí," ó ní. "Bàbá, ẹ máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Ìwọ," ó nàka sí Má-Kàn-Án, "ike lo lọ tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ arúgbó. Màá rí i dájú pé o ò tún tẹ́ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé ẹ."

Má-Kàn-Án bú sẹ́kún lórí òkè níbẹ̀. "Mo ṣe é bó ṣe yẹ," ó ní. "Mi ò mọ ohun tó bí i nínú."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo ń sọ, mo ṣáà ń sọ̀rọ̀. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ fi ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀," wọ́n ní. "Èmi ni mo kàn án."

Má-Kàn-Án gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Ẹ kàn án, Bàbá? Ilẹ̀ yìí? Níbo?"

"Nínú kókó. Gbogbo kókó."

"Yéè!"

Ara mi gbóná. Mo fẹ́ fi ìbínú sọ̀rọ̀: gbogbo wàhálà yìí, búrẹ́dì tó jóná, omi tí a mu lọ́wọ́ àgbà! Ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn, mo sì panu mọ́.

"Ilẹ̀ yín yìí ò di ibì kankan mú," Bàbá ní. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń wò. "Ọmọkùnrin yìí ló ń fi yangàn fún mi lẹ́yìn ilé. Ó ní tí ẹ bá fẹ́ kó lọ, ẹ máa tú u wẹ́rẹ́, ẹ máa dì í, ẹ máa gbé e lọ síbi tó wù yín, kò ní bá yín jà. Mo ní ó dáa. Mo wá ń jókòó lórí rẹ̀, mo ń rò ó pé àwa méjèèjì la jọ ń dúró de ọkọ̀ tó máa kó wa. Mi ò lè fẹ̀yìn ti àga mọ́ nínú ilé tí mo kọ́. Mo bá kàn án, kó lè ṣòro gbé. Èmi gan-an ni mo fẹ́ kàn mọ́lẹ̀, àmọ́ wọn kì í kan èèyàn."

Yanrìn ṣì ń dà nírun Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ró ṣíṣí lórí ike. Èmi ń sunkún, mi ò sì wá ibi tí mo máa fojú pamọ́ sí.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá," Ẹ̀gbọ́n mi ní níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, mo máa ń rò pé ẹ ti ṣubú ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tìẹ nìyẹn. Má gbé mi kúrò nílé mi torí kí ìwọ lè rí oorun sùn."

Bàbá lọ mú ẹ̀mú wá. Wọ́n kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sáré fẹ́ dì wọ́n mú, wọ́n wò ó, ó fọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ń fa ìṣó yọ níkọ̀ọ̀kan, wọn ò wá ọ̀kankan tì, bí wọ́n bá sì ti yọ ọ̀kan, ilẹ̀ á mí, á rọlẹ̀ díẹ̀. Má-Kàn-Án ń tẹ̀ lé wọn, ó ń fọwọ́ pa ibẹ̀, ó ń sọ fún un pé pẹ̀lẹ́. Bàbá á dìde, wọ́n á lọ sí kókó tó kàn, wọ́n á tún kúnlẹ̀. Wọn ò di ohunkóhun mú. Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn lẹ́yìn wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìkàn wọ́n. Mo rí i tí ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ tí wọ́n ń dìde, ojú tó fi ń wò wọ́n sì ń yí padà. Ẹlẹ́búrẹ́dì wọlé, ó gbé búrẹ́dì dúdú kirikiri kan dání, ó rí wa, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ku ìṣó kan, láàárín gbùngbùn. Bàbá fi ẹ̀mú mú un, wọn ò fà á. Wọ́n gbójú sókè wo Má-Kàn-Án.

Má-Kàn-Án dijú. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹyọ kan," ó ní, "tó bá jẹ́ àárín gan-an ló wà… kò ní pa á. Á ṣì ráyè nà sápá ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo gbà."

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé òòlù wá. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Bàbá, ó gbá ìṣó náà. Ó ṣì í, ó gbá ìka ara rẹ̀. Bàbá bá a tún ọwọ́ rẹ̀ mú lára òòlù, ó tún gbá a, ìṣó sì wọlé lọ. Ó dìde, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gìgísẹ̀, ó fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀.

"Eléyìí ò lọ síbì kankan," ó ní.

"Èmi ńkọ́?" Bàbá ní. Wọ́n ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ tì wọ́n.

"Ẹ̀yin náà, Bàbá," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa gbé yín."

Bàbá gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dìde fúnra wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní kó lọ mú un, pé kò sẹ́ni tó ń da yanrìn sílé àwọn.